Ìbọn tí kò gba ṣọ́ọ̀bù kọjá: bí background check ṣe bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà

L'Ékìtì níbí, tó o bá fẹ́ ra ṣakabùlà lọ́wọ́ bàbá ọdẹ kan lápá Ìkọ̀lé, kì í ṣe owó ló máa kọ́kọ́ bi ẹ́. Ọmọ ta ni ẹ́? Agboolé wo? Ta ló lè dúró fún ẹ? Tí ò bá rí ẹni tó mọ̀ ẹ́, ìbọn ò ní kúrò lára ògiri, kódà kó o kó owó ìlọ́po méjì wá. Background check tiwa nìyẹn, ìyẹn wíwádìí ẹni kí wọ́n tó ta ìbọn fún un. L'Amẹ́ríkà ṣá, wọ́n ṣì ń jà lé irú ẹ̀ lórí dòní, torí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn, èèyàn lè ta ìbọn ara ẹ̀ fún ẹni tí ò mọ̀ rí láì yẹ nǹkan kan wò, òfin ìjọba àpapọ̀ ò sì ní mú un, àfi tó bá mọ̀ pé ẹni yẹn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn.

Ní March 1963, Lee Harvey Oswald gé kúpọ́ọ̀nù kan nínú ìwé ìròyìn, ó kọ A. Hidell sí i, orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀, ó fi $21.45 sí i, wọ́n sì fi ìbọn ránṣẹ́ láti Chicago sí àpótí póòsì ẹ̀ ní Dallas. Ó tán. Ní November ló fi pa Ààrẹ Kennedy. Ẹ ó rò pé òfin á yí padà kíá, rárá o, ó di 1968, ìgbà tí wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King ní April tí wọ́n tún pa Robert Kennedy àbúrò ààrẹ yẹn ní June, kí Ààrẹ Johnson tó fọwọ́ sí òfin ìbọn ní October.

Òfin yẹn dá fífi póòsì ra ìbọn láti ìpínlẹ̀ míì dúró, ó ní ẹni tó ń fi ìbọn ṣòwò gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì, ó sì to àwọn tí ò gbọ́dọ̀ ní ìbọn: ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá, ẹni tó ń sá fún ìdájọ́, ẹni tó ń lo oògùn olóró. (Òfin ìbọn tiwa ní Nàìjíríà ti 1959 náà ní irú ẹ̀: ẹni tí ò tíì pé ọdún 17, ọ̀mùtí, ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, àti ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa. Tí wọ́n bá tẹ̀ lé ti ojú yẹn bó ṣe yẹ, mélòó ló máa kù nínú àwọn bàbá ọdẹ wa?) Ṣùgbọ́n báwo ni oníṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ṣe fẹ́ mọ̀? Fọ́ọ̀mù ni, Form 4473. Oníbàárà á jókòó, á ka ìbéèrè, á kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, á sáìn, oníṣọ́ọ̀bù á tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀daràn wo ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ kọ bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹnu ni wọ́n ṣì ń gbà gbọ́ ní March 30, 1981, nígbà tí John Hinckley yìnbọn lu Ààrẹ Reagan níwájú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Washington. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ẹrù dógò ní Dallas ló ti ra ìbọn ọ̀hún. Ọta kan wọ orí James Brady, agbẹnusọ ààrẹ, kẹ̀kẹ́ arọ ló sì bá dé ọjọ́ ikú ẹ̀ ní 2014. Sarah ìyàwó ẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn aṣòfin, wọ́n gbé àbá ẹ̀ wá ní 1987, Clinton fọwọ́ sí i ní November 30, 1993. Lákọ̀ọ́kọ́ ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń dúró kí ọlọ́pàá fi wádìí ẹni tó fẹ́ ra ìbọn àfọwọ́mú, ìgbà tó di November 30, 1998 ni FBI wá dá NICS sílẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ orúkọ olùrà wò kíá. Oníṣọ́ọ̀bù á pe fóònù tàbí kó wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìdáhùn sábà máa ń dé: tà á, dúró ná, tàbí má tà á. Tí wọ́n bá ní kó dúró, tí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta kọjá tí ìdáhùn ò dé, ó lè tà á. Ibẹ̀ ni ìbọn ẹni tó pa èèyàn mẹ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀ṣì Charleston ní 2015 gbà jáde.

Ṣé ẹ rí i pé ara láísẹ́ǹsì ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n so gbogbo ẹ̀ mọ́? Òfin 1986 sì ti sọ pé ẹni tó kàn ń ta ìbọn ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe oníṣòwò, torí náà kò gba láísẹ́ǹsì, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Mẹ́ta nínú ìbọn mẹ́rin tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ ilé ìwé Columbine ní April 1999, ọ̀rẹ́ àwọn apànìyàn náà kan ló bá wọn rà á níbi ìpàtẹ ìbọn, lọ́wọ́ àwọn tí ò ní láísẹ́ǹsì.

Bí wọ́n ṣe lè dí ihò yẹn ò le láti ṣàlàyé. California ti ń ṣe é láti 1991: olùtà àti olùrà á jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ǹsì, ìbọn á wà lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, olùrà á kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á yẹ orúkọ ẹ̀ wò, ọjọ́ mẹ́wàá á pé kó tó gbé e, oníṣọ́ọ̀bù á gba owó iṣẹ́ ẹ̀. Ní Illinois ẹ̀wẹ̀, káàdì àṣẹ láti ní ìbọn ni olùrà máa ní, olùtà á sì wádìí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ bóyá káàdì náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Lójú tèmi ti California lágbára jù, torí ẹni kẹta wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ olùtà.

Lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọ 20 àti àgbà 6 nílé ìwé Sandy Hook ní December 2012, sẹ́nétọ̀ méjì, Manchin àti Toomey, gbé irú ẹ̀ wá fún gbogbo orílẹ̀-èdè, fún ìpàtẹ ìbọn àti ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n yọ mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Ìbò 54 ló rí ní April 2013, 60 ló nílò. Ohun tó ń ba àwọn tó kọ̀ ọ́ lẹ́rù jù ni ìwé orúkọ, pé ìjọba á mọ ẹni tó ní ìbọn, á sì wá gbà á lọ́jọ́ kan. Òfin ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ìjọba àpapọ̀, FBI gbọ́dọ̀ pa àkọsílẹ̀ ẹni tó yege rẹ́ láàárín wákàtí 24. Àwọn tó fẹ́ ẹ sì ń bi wọ́n pé tí ò bá sí àkọsílẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹni tó ta ìbọn nílé ara ẹ̀ ṣe àyẹ̀wò?