Kòkòrò abẹ́ ewé tó ń múni sín

Ẹni tó ń tọ́jú òdòdó tàbí ewébẹ̀ lè máa sín léraléra ní gbogbo ìgbà tó bá ti dé ìdí wọn, kó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru òdòdó. Ó lè jẹ́ pé òdòdó kọ́. Kòkòrò kan wà lábẹ́ ewé tí wọ́n ń pè ní spider mite, tí kò ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ìbátan aláǹtakùn àti eégbọn ni, òun náà sì ń ta okùn bíi ti aláǹtakùn.

Omi inú ewé ló ń fà mu. Kì í jẹ èèyàn. Ibi tó ti ń rú ọ̀pọ̀ lójú nìyẹn: ẹni tí ara ń yún á máa wá ojú ibi tí nǹkan ti gé e jẹ, kò sì ní rí i. Purotéènì ara kòkòrò náà ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí òkú wọn bá gbẹ, á dà pọ̀ mọ́ eruku ewé. Ẹni tó bá ń ká èso tàbí tó ń gé ẹ̀ka á wá fà á símú.

Ara kì í bínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé á rọra pèsè èròjà kan tó ń jẹ́ IgE, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú imú, ojú, awọ àti ẹ̀dọ̀fóró, bí ẹni dẹ pàkúté sílẹ̀. Ìgbà tí purotéènì yẹn bá tún padà dé ni pàkúté á ré. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á tú èròjà míì tó ń jẹ́ histamine jáde, imú á máa ṣomi, ojú á máa yún, ọ̀nà èémí sì lè fún. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ewéko fún ọdún púpọ̀ kí àlẹ́jì yìí tó yọjú.

Ní erékùṣù Jeju ní Kòríà, níbi tí wọ́n ti ń gbin ọsàn gan-an, àwọn dókítà rí àgbẹ̀ ọlọ́sàn tí irú kòkòrò yìí kan, Panonychus citri, fa ikọ́ fée fún. Irú rẹ̀ mìíràn, Tetranychus urticae, ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé ọ̀gbìn onínáílọ́nù ní Yúróòpù.

Àkókò ló máa ń tú u fó. Bí imú bá ń dí lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ń là lọ́jọ́ ìsinmi, ó yẹ kéèyàn fura. Àmọ́ àyà ẹlòmíì kì í há àfi tó bá di alẹ́, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́, èyí sì ń ṣi èèyàn lọ́nà.

Láti mọ̀ bóyá kòkòrò náà wà, ẹ wá ewé tó ní àmì funfun tótòtó bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbá ewé náà pẹ́pẹ́. Nǹkan bí ìyẹ̀fun ata á já sórí bébà. Ẹ ní sùúrù díẹ̀: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́ ló ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. (Ẹni tí imú rẹ̀ ti ń ṣomi kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí fúnra rẹ̀, kó bẹ ẹlòmíràn.)

Rírí wọn kò tíì sọ pé àwọn ló ń fa àìsàn. Dókítà á kán omi èròjà kòkòrò náà sí apá, á fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún wò ó bóyá ó wú. Kòkòrò eruku inú ilé ni wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò, ọ̀tọ̀ sì ni ti abẹ́ ewé. Bí àyẹ̀wò yẹn kò bá rí nǹkan, kò dá ti abẹ́ ewé láre. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà.

Ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ ni kòkòrò yìí fẹ́. Bí ooru bá tó bí 30°C, ẹyin lè di àgbà láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà fífọ ewé lẹ́ẹ̀kan kò tó. Abẹ́ ewé gan-an ni kí omi tàbí omi ọṣẹ dé, kí wọ́n sì tún un ṣe ní ọjọ́ mélòó kan síra. Fínfín oògùn apakòkòrò lásán lè mú kí wọ́n pọ̀ sí i, torí ó ń pa àwọn tó ń pa wọ́n jẹ. Àwọn kan ń ra kòkòrò kan tó ń pa wọ́n jẹ, Phytoseiulus persimilis, láti dọdẹ wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n òun pẹ̀lú ti di àlẹ́jì fún àwọn òṣìṣẹ́ kan.

Ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn ń dín ohun tó ń kanni kù. Kí wọ́n bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí wọ́n tó jókòó sínú ilé. Oògùn àlẹ́jì ń mú kí sísín àti yíyún rọlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fín símú kì í tètè ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Mímí fée fée nílò ínhélà, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fi ẹnu fà, tí dókítà yàn. Bí ètè bá wú, tí mímí di ogun tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ilé ìwòsàn ni kíá.

Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ di oníkọ́ fée, bí ọjọ́ tó ti ń bá a fínra níbẹ̀ ṣe pẹ́ tó ló ṣe pàtàkì jù: ẹni tó tètè kúrò nídìí kòkòrò náà máa ń sàn ju ẹni tó fi oògùn ń rá a lọ fún ọdún púpọ̀, torí ikọ́ náà lè má lọ mọ́ lẹ́yìn tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀.