Ta ló ni ọ̀nà tó kọjá níwájú ilé wa?

Ọ̀kun o! Àbúrò mi kan tó ń wa ọkọ̀ láti Kàbà sí Ìsánlú, nílẹ̀ Ọ̀kun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ló kó àwọn ìbéèrè yìí wá bá mi, lẹ́yìn tí kòtò kan ba táyà rẹ̀ méjì jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní ọ̀nà náà kì í ṣe tàwọn. Ó lọ sí òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Mo kọ ìdáhùn mi sílẹ̀ torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí ń dùn.

Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń sọ ọ̀nà kan di ti ìjọba àpapọ̀? Ṣé bó ṣe fẹ̀ tó ni?

Rárá o. Fífẹ̀ kọ́, ọ̀dà kọ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì kọ́. Ìkéde ni. Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 to àwọn ọ̀ràn tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà ní nọ́ńbà 11 ni kíkọ́, àtúnṣe àti ìtọ́jú àwọn ọ̀nà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá kéde pé ó jẹ́ ti àpapọ̀. Ọ̀nà tí wọn ò bá kéde, ì báà fẹ̀ bí pápá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe tiwọn. Èyí tí wọ́n sì ti kéde, bí igbó bá bò ó pàápàá, tiwọn ni.

Trunk A, Trunk B táwọn ẹnjiníà máa ń sọ ńkọ́?

A ni ti ìjọba àpapọ̀: àwọn ọ̀nà tó so ìpínlẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀, tó dé èbúté, tó dé ẹnubodè. B ni ti ìpínlẹ̀, tó so àwọn ìlú inú rẹ̀ pọ̀. C ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́tà kẹrin tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ rí, ìyẹn F. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ gba àwọn ọ̀nà kan lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, wọ́n ní àwọn máa tún wọn ṣe kí wọ́n lè bá A dọ́gba. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Trunk F. Ìdí nìyí tí wàá fi rí ọ̀nà tó jẹ́ ti àpapọ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n tó tóóró, tó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

Gbogbo ọ̀nà Nàìjíríà tó nǹkan bíi 200,000 kìlómítà. Ti àpapọ̀ nínú rẹ̀ ò ju bíi 35,000 lọ. Ti ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ju ìdajì lọ, èyí gan-an ló sì ń dùn mí jù. Iṣu tó ń ti oko Bùnú bọ̀, ọ̀nà C ló ń gbà kó tó kan ọ̀dà. Bí òjò bá ti gé ọ̀nà yẹn, kí ni ọ̀nà A tó ń dán ní Lọ́kọ́ja fẹ́ ṣe fún àgbẹ̀? Òfin Ìpìlẹ̀ sì ní Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò máa sọ àwọn ọ̀nà, iná ojú títì àti gọ́tà tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀.

Nọ́ńbà bíi A2 ńkọ́? Ṣé wọ́n kàn fi í síbẹ̀ ni?

Ó ní ètò, ètò náà sì dára. Mẹ́rin ni òpó ńlá tó ti gúúsù gòkè lọ sí àríwá. A1 bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, A2 ní Warri, A3 ní Port Harcourt, A4 ní Calabar. A2 ló gba Benin, Òkene àti Lọ́kọ́ja kọjá lọ sí Abuja àti Kano. Tó o bá wá rí nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn A, méjì àkọ́kọ́ ló ń sọ òpó méjì tí ọ̀nà náà wà láàárín wọn. A121 tó ti Ṣàgámù gba Orẹ̀ lọ sí Benin wà láàárín A1 àti A2. A232 tó ti Benin lọ sí Enugu wà láàárín A2 àti A3. Wo ibi tí ilẹ̀ wa wà: Ìlọrin lórí A1 lápá kan, Lọ́kọ́ja lórí A2 lápá kejì. Àárín 1 àti 2 la wà.

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára ìsọ̀ ìyàwó mi, pé àwọn máa wó o. Ẹ̀tọ́ wo ni wọ́n ní?

Ilẹ̀ ọ̀nà kì í parí síbi tí ọ̀dà parí sí. Ní ọ̀nà àpapọ̀, mítà 45.72 láti àárín ọ̀nà ni wọ́n ń kà, lọ́tùn-ún àti lósì. Kó tó kọ́ ìsọ̀ mìíràn, ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n ná. Mo ti rí ìyá tó pàdánù ìsọ̀ tó fi ogún ọdún kọ́ torí kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Kí ló dé tí gómìnà ò kàn tún ọ̀nà àpapọ̀ ṣe?

Àwọn kan ti ṣe é. Lọ́dún 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá owó padà fún ìpínlẹ̀ márùn-ún tó ti ṣe bẹ́ẹ̀, Òndó àti Ọ̀ṣun wà lára wọn. Owó náà lé ní bílíọ̀nù 148 náírà. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí kò bá kọ́kọ́ gbàṣẹ lè má rí kọ́bọ̀ gbà padà.

Ilé iṣẹ́ Dangote ló kọ́ ọ̀nà Obajana sí Kàbà. Ṣé tiwọn ni?

Kì í ṣe tiwọn. Ètò kan wà tí ààrẹ fọwọ́ sí lọ́dún 2019: ilé iṣẹ́ á fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ̀nà, wọ́n á sì máa yọ ọ́ nínú owó orí tó yẹ kó san. Bí a ṣe rí ọ̀nà kọnkéré kìlómítà 43 yẹn nìyẹn. Owó orí tó yẹ kó wọ àpò ìjọba ló kọ́ ọ, nítorí náà ti gbogbo wa ni.

Ta wá ni kí n lọ bá nítorí kòtò mi?

Ọ̀nà Kàbà sí Mọ̀pà sí Ìsánlú, ti àpapọ̀ ni. FERMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2002, ló ń tọ́jú irú rẹ̀. Kọ orúkọ ìlú méjèèjì tí kòtò náà wà láàárín wọn, ya fọ́tò rẹ̀, kọ déètì sí i, kí ẹ̀yin awakọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, màá bá ọ kà á kó tó lọ.