Crisis on Infinite Earths (kọ́míìkì)

Crisis on Infinite Earths ni kọ́míìkì ẹlẹ́dà 12 tí ilé-iṣẹ́ DC Comics ti Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde lóṣooṣù. Oṣù kẹrin ọdún 1985 ló wà lára ẹ̀dà àkọ́kọ́, oṣù kẹta ọdún 1986 ló sì wà lára èyí tó kẹ́yìn. Marv Wolfman ló kọ ìtàn náà, George Pérez ló fi pẹ́ńsù ya àwòrán rẹ̀. Dick Giordano, Mike DeCarlo àti Jerry Ordway ló fi tàdáwà parí iṣẹ́ Pérez. Ó kó akọni alágbára tí DC ní, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn, sínú ogun kan ṣoṣo. Ó pa àwọn kan nínú wọn, ó sì pa àìmọye ayé tí wọ́n ń gbé rẹ́ títí ó fi ku ẹyọ kan. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkàwé ti ń pín ìtàn DC sí èyí tó wà ṣáájú Crisis àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Bí ayé ṣe di púpọ̀

Ọ̀dọ̀ Flash, akọni tí agbára rẹ̀ jẹ́ eré sísá, lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Flash àkọ́kọ́, Jay Garrick, jáde ní 1940, wọ́n sì dá ìwé rẹ̀ dúró nígbà tí ọjà àwọn akọni kú lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1956, nínú Showcase ẹ̀dà 4, DC mú Flash mìíràn wá, Barry Allen, tí aṣọ àti ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Lójú Barry, inú kọ́míìkì lásán ni Jay Garrick wà. Àmọ́ ní 1961, nínú The Flash ẹ̀dà 123, òǹkọ̀wé Gardner Fox àti ayàwòrán Carmine Infantino jẹ́ kí àwọn méjèèjì fojú kan ara wọn: Barry gbọ̀n ara rẹ̀ kíkankíkan títí ó fi bọ́ sí ayé mìíràn tó wà lójú ibi kan náà pẹ̀lú tirẹ̀, tí kì í sì í hàn nítorí pé gbígbọ̀n ayé méjèèjì kò dọ́gba. Ayé Barry ni wọ́n pè ní Earth-One, ti Jay di Earth-Two.

Àwọn òǹkàwé gba tiẹ̀. Ní 1963, Justice League, ẹgbẹ́ akọni Earth-One, pàdé Justice Society, ẹgbẹ́ akọni Earth-Two, ọ̀rọ̀ náà "Crisis" sì wà nínú àkọlé ìtàn náà; ìpàdé yìí di ohun ọdọọdún. Earth-Three tẹ̀ lé e ní 1964, níbi tí àwọn alágbára ti jẹ́ ọ̀daràn. Bí DC sì ti ń gba àwọn akọni ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ́wọ́ ló ń wá ayé fún wọn: ti Quality lọ sí Earth-X, níbi tí Ogun Àgbáyé Kejì kò ti parí, Captain Marvel ti Fawcett gba Earth-S, ti Charlton gba Earth-Four.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ọgbọ́n wá di ẹrù. Superman di méjì: ti Earth-Two ti darúgbó, ó ti fi Lois Lane ṣaya, ti Earth-One ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ àpọ́n. Batman ti Earth-Two bí ọmọbìnrin kan, Huntress, ó sì kú; ti Earth-One wà láàyè. Nígbà tí Wolfman ń kọ ìwé akọni Green Lantern, òǹkàwé kan kọ lẹ́tà béèrè ìdí tí ẹnì kan tó ti bá akọni náà ṣiṣẹ́ rí kò fi dá a mọ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló mú kí Wolfman pinnu pé ó tó àsìkò láti tún ìtàn náà tò.

Ìmúrasílẹ̀ gba ọdún mélòó kan. Wọ́n gba Peter Sanderson láti ka àwọn kọ́míìkì DC láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Láti 1982, nínú The New Teen Titans ẹ̀dà 21, wọ́n ti ń fi Monitor hàn díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ta ohun ìjà fún àwọn ọ̀daràn, tí wọn kì í jẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn. Iṣẹ́ náà falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Marvel fi ṣáájú wọn pẹ̀lú Secret Wars tirẹ̀, ẹlẹ́dà 12, ní 1984. DC mú 1985 nítorí pé ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ ọ̀hún pé àádọ́ta ọdún.

Ìtàn náà

Anti-Monitor, ọ̀tá Monitor, tó ti inú àgbáyé áńtímátà (òdìkejì ohun tí ayé wa fi ṣe) wá, ń fi ògiri funfun kan pa àwọn àgbáyé jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń kú. Monitor rán Harbinger, ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́, kó àwọn akọni jọ láti ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ gogoro tó gbé kalẹ̀ sí ìgbà oríṣiríṣi. Ní ẹ̀dà 4, Harbinger tí ọ̀tá ti gba ọkàn rẹ̀ pa Monitor. Agbára tó tú jáde lára òkú rẹ̀ ló dáàbò bo Earth-One àti Earth-Two. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba Earth-Four, Earth-S àti Earth-X là.

Ikú méjì ló mú kí ìwé yìí wọni lára jù. Ní ẹ̀dà 7, Supergirl kú níbi tó ti ń gba Superman sílẹ̀. Ìdí wà fún un: wọ́n fẹ́ kí Superman padà di ẹnì kan ṣoṣo tó yè bọ́ láti Krypton, ayé tí wọ́n ti bí i, Supergirl sì jẹ́ ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀. Ní ẹ̀dà 8, Barry Allen sáré yí àgbá áńtímátà ká títí ó fi bàjẹ́, ara tirẹ̀ náà sì tú ká. Wally West, tó ti jẹ́ Kid Flash, gba aṣọ rẹ̀ wọ̀. Ní ẹ̀dà 10, Spectre, akọni tó jẹ́ ẹ̀mí, kọjú ìjà sí Anti-Monitor ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà. Ní ẹ̀dà 11, ilẹ̀ mọ́ bá ayé kan ṣoṣo tí ìtàn ayé márààrún ti dà pọ̀ sínú rẹ̀.

Àléébù tó wà nínú àtúntò náà

Wolfman fẹ́ kí gbogbo ìwé DC tún bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 1, kí akọni kankan má sì rántí ayé àtijọ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti wọlé. Superman bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní 1986 nínú The Man of Steel ti John Byrne. Wonder Woman bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní 1987 lọ́wọ́ Pérez fúnra rẹ̀. Batman ń bá tirẹ̀ lọ, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n tún sọ, nínú Batman ẹ̀dà 404 sí 407. Ẹnì kan ń bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn ń bá ti àná lọ, inú ayé kan náà ni gbogbo wọn sì wà.

Ẹ wo ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Bí Wonder Woman bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, kò lè wà lára àwọn tó dá Justice League sílẹ̀, ni wọ́n bá fi Black Canary dípò rẹ̀. Donna Troy, tó jẹ́ Wonder Girl, ti wà nínú Teen Titans, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ akọni, ṣáájú Wonder Woman tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Superman tuntun kò ṣe Superboy, akọni nígbà ọmọdé, rí, bẹ́ẹ̀ Superboy ló jẹ́ àwòkọ́ṣe fún Legion of Super-Heroes, ẹgbẹ́ akọni ọjọ́ iwájú. Wọ́n ní láti hùmọ̀ àgbáyé kékeré kan tí Superboy ti wá. Ti Hawkman, akọni abìyẹ́, ló burú jù. Ó ń bá ìtàn rẹ̀ àtijọ́ lọ lẹ́yìn Crisis, kó tó di pé Hawkworld ti 1989 àti ìwé tó tẹ̀ lé e sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sí Earth ni, gbogbo ibi tó ti fara hàn ṣáájú sì di ohun tí kò ṣe é ṣàlàyé.

Ìwé Zero Hour ti 1994, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń ka láti 4 wálẹ̀ sí 0, gbìyànjú láti tún un ṣe. Infinite Crisis (2005–2006) ṣí ilẹ̀kùn ayé púpọ̀ padà, nígbà tí ìwé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ 52 sì parí, àgbáyé ti di 52. Flashpoint ti 2011 wá tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Supergirl yẹn padà ní 2004. Barry Allen padà ní 2008, lẹ́yìn ohun tó lé ní ogún ọdún, èyí tó pẹ́ gan-an fún akọni tó kú nínú kọ́míìkì. Ní 2019 sí 2020, tẹlifíṣọ̀n CW fi orúkọ Crisis ṣe ìtàn alápá márùn-ún tó kárí àwọn eré bí Supergirl, The Flash àti Arrow.

Kíkà rẹ̀

Lásìkò náà, wọ́n ní kí àwọn ìwé DC mìíràn fọwọ́ kan Crisis. Ọ̀pọ̀ kàn kun ojú ọ̀run ní pupa lójú ewé kan tàbí méjì, tí kò sí ohun mìíràn tó kàn wọ́n. Láti ibẹ̀ ni àwọn òǹkàwé ti ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní "ojú ọ̀run pupa". Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn náà kò nílò wọn. Kó ka ẹ̀dà 12 náà tẹ̀ léra, kó fi DC Comics Presents ẹ̀dà 87 ṣáájú ẹ̀dà 10, torí ibẹ̀ ni Superboy-Prime, Superboy láti ayé mìíràn, ti kọ́kọ́ jáde. Láìkà á, yóò dà bíi pé ọmọ náà já wọ inú ogun láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Swamp Thing ẹ̀dà 46 náà tọ́ sí kíkà. Kí òǹkàwé má sì kánjú lórí àwòrán: Pérez a máa kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí kéékèèké sójú ewé kan, ọ̀pọ̀ akọni tí ọ̀rọ̀ kò dárúkọ wọn rárá ló sì wà lẹ́yìn níbẹ̀, tí aṣọ wọn nìkan ń sọ ayé tí wọ́n ti wá.