Ayaba èèrà tín-ń-tín: bí a ṣe ń mọ irú ẹ̀yà tó jẹ́

Òjò dá, ilẹ̀ ṣì tutù, kòkòrò kan tí kò gùn ju mìlímítà 4 lọ ń sáré kiri bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò wọ̀ sí. Ẹni tó bá mú un sínú ìgò á fẹ́ mọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orúkọ yẹn ló máa ń dé kẹ́yìn. Kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ayaba tilẹ̀ ni.

Àyà ló máa sọ. Òṣìṣẹ́ èèrà kì í fò, nítorí náà àyà rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ayaba ní tiwọn a máa fò lọ pàdé akọ, iṣan tí wọ́n fi ń fò sì ń gba àyè, ìdí nìyẹn tí àyà wọn fi ga bí ẹ̀yìn abiyamọ tó pọnmọ. Lẹ́yìn tí akọ bá ti gùn ún, ayaba á ṣẹ́ ìyẹ́ ara rẹ̀ dànù, àpá ibi tó ti já á sì kù sí ẹ̀gbẹ́ àyà lọ́tùn-ún lósì. Akọ náà láyà ńlá, àmọ́ orí rẹ̀ kéré, ìwo rẹ̀ sì nà gbọọrọ. Ti ayaba ṣẹ́ bí ìgúnpá. Èsúnsún pàápàá máa ń tan ojú jẹ. Ìbàdí tiẹ̀ kò fún rárá, ìwo rẹ̀ sì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a sín sókùn.

Ẹ̀yà èèrà tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ lé ní 14,000. Kò sẹ́ni tó lè máa fi èyí tó wà lọ́wọ́ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìgbà téèyàn ń wá ọmọ kan nílùú ńlá ni: agboolé là ń kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà ìdílé, ká tó wá dárúkọ ọmọ.

Ìbàdí la fi ń mọ agboolé. Láàárín àyà àti ikùn, kókó kan tàbí méjì máa ń yọ sókè. Bó bá jẹ́ méjì, ó ṣeé ṣe jù lọ kó jẹ́ agboolé Myrmicinae. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, kí a yí i wo ìdí: ihò róbótó tí irun yí ká jẹ́ ti Formicinae, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tu oró wọn, bó bá rí bí ojú ọgbẹ́ tí wọ́n fi abẹ là, tí kò sì sí irun tó yí i ká, Dolichoderinae ni ká fura sí. Ọ̀tọ̀ ni ti Tapinoma, ìdílé kan nínú Dolichoderinae: kókó tiẹ̀ pẹlẹbẹ, ikùn sì bò ó mọ́lẹ̀, olùwò á ní kò ní kókó kankan. Ìdílé Crematogaster ló rọrùn jù, nítorí òkè ikùn ni ìbàdí rẹ̀ gbà wọlé, kì í ṣe iwájú bíi ti àwọn yòókù.

Ìwo ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni ojú ti ń roni. Oríkèé rẹ̀ la ń kà, láti èyí tó gùn tó lẹ̀ mọ́ orí títí dé ṣóńṣó. Ìdílé Brachymyrmex àti ti Plagiolepis jọ wá láti Formicinae, àwọn méjèèjì kéré, àwọn méjèèjì ní kókó kan. Ṣùgbọ́n oríkèé Brachymyrmex jẹ́ 9, ti Plagiolepis jẹ́ 11. Ẹni tó bá ṣì í kà ti gba ilé onílé lọ nìyẹn. Ojú lásán kò lè kà á. Kí a gbé ìgò náà sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀, ká tó fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi nígbà 10, ó kéré tán, wò ó. Fọ́tò mẹ́ta náà ṣe kókó: ojú rẹ̀ gan-an, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni AntWeb, ilé àkójọ àwòrán èèrà tí California Academy of Sciences ń bójú tó, ṣe ń ya tiwọn.

Ibi tí a ti mú un àti ọjọ́ tí a mú un ń dín orúkọ tó ṣeé ṣe kù gan-an. Monomorium pharaonis, èèrà pupa tín-ń-tín tó ń wọlé ilé ìwòsàn, kì í fò lọ gùn, inú ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Nítorí náà, ayaba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà láti ojú ọ̀run kò lè jẹ́ òun.

Ayaba mìíràn á kọ̀ láti tọ́ ọmọ láìka bí a ṣe tọ́jú rẹ̀ sí. Ó lè jẹ́ pé akọ kò gùn ún, ó sì lè jẹ́ irú tó ń wọlé onílé, tó ń gbé inú ilé èèrà mìíràn. Tetramorium inquilinum kò tilẹ̀ ní òṣìṣẹ́ kankan. Ẹ̀yìn ayaba ìbátan rẹ̀ ló ń gùn kiri.

Bó bá yé ẹyin, tí ẹyin náà sì pa, sùúrù dára, torí pé ara òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìdánimọ̀ èèrà dá lé. Òótọ́ ni pé àwọn tí ayaba kọ́kọ́ bí máa ń kéré ju àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ, ṣùgbọ́n ìrísí wọn ṣì wúlò. Ayaba ìdílé Pheidole á tún bí àwọn òṣìṣẹ́ olórí ńlá, orí yẹn nìkan ti tó fi dá wọn mọ̀.

Orúkọ ọmọ gan-an lè má tíì yọjú síbẹ̀. Àwọn èèrà tí wọ́n ti ń pè ní Tetramorium caespitum tipẹ́, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé ẹ̀yà 10 ló wà nínú agbo yẹn, wíwọn ara wọn lábẹ́ máíkírósíkóòpù àti DNA ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ kan péré láti ara òkú òṣìṣẹ́ tó fún àyẹ̀wò DNA. Títí dìgbà náà, ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ń kọ sára ìgò ni “Tetramorium sp.” (ìyẹn ni pé a mọ ìdílé, a ò tíì mọ ẹ̀yà), ọjọ́ tí a mú un, ibi tí a ti rí i, àti gígùn rẹ̀ ní mìlímítà.