Ṣé géèmù lè kọ́ ọmọ JSS2 ní kíkà àti kíkọ lóòótọ́?

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi wà ní JSS2, tó bá ti gbé ìwé báyìí oorun á ti dé, àmọ́ tó bá jẹ́ géèmù kò ní rántí oúnjẹ. Ní sùkúù ẹ̀ wọ́n wá ní àwọn fẹ́ máa fi géèmù kọ́ wọn ní kíkà àti kíkọ. Ṣé wọn ò fẹ́ ba ọmọ yìí jẹ́ báyìí?

Ìdáhùn: Rárá mà, ó kàn dá lórí irú géèmù tó jẹ́ ni. Èyí tí wọ́n ti ń yìnbọn kiri yẹn, kí lọmọ fẹ́ kà níbẹ̀? Èyí tí mo fẹ́ràn ni Twine, Chris Klimas ló ṣe é jáde ní 2009, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ fúnra ẹ̀ ló sì máa fi kọ géèmù tiẹ̀. Kò nílò àwòrán, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, á máa kọ ìtàn sínú àpótí kéékèèké, tó bá dé oríta á fún ẹni tó ń kà á ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, èyí tónítọ̀hún bá tẹ̀ ló máa gbé e lọ sí àpótí tó kàn.

Ìbéèrè: Kíkọ wo ló wá wà nínú ìyẹn?

Ìdáhùn: Ó pọ̀ mà. Ọmọbìnrin kan ní lẹ́sìnnì mi kọ àlọ́ Ìjàpá, ó dé ibi tí Ìjàpá fẹ́ kúrò nílé, ṣé kó gbé ọkọ́ ni àbí kó wọ ọkọ̀. Ó kọ méjèèjì ní [[oko]] láìfi àmì kankan sí i (ní Twine, ọ̀rọ̀ tó bá wà láàárín [[ ]] ni ẹni tó ń kà á máa tẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ orúkọ àpótí tó kàn). Nígbà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ibì kan náà ni méjèèjì gbé e lọ, torí lójú Twine ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, lọ̀rẹ́ ẹ̀ bá bi í pé oko wo lo ń sọ gan-an? Ó dákẹ́, ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí, ló bá fa kíbọọ̀dù sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ́, ọkọ̀. Gbogbo táàmù yẹn ni mo ti ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un, kò kà á sí. Àmọ́ tí ẹgbẹ́ ẹ bá ń ka ìtàn ẹ tó sọnù sínú ẹ̀, o máa tún un kọ, kò sẹ́ni tó máa lé ẹ.

Ìbéèrè: Dátà ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò jẹ dátà. Tó bá ti parí, fáìlì kan ṣoṣo ni, ó ṣeé fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ó sì ń ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Láptọ́ọ̀pù kan tó ọmọ mẹ́rin, kí wọ́n kọ́kọ́ ya oríta ìtàn wọn sórí bébà ná.

Ìbéèrè: Kí n wá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má fi í sílẹ̀ o, kó sì máa ka ìwé ìtàn lọ, torí ọmọ tí ò ka ìtàn rí kò ní rí nǹkan kọ. Tó bá ti ṣe tiẹ̀ tán, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ kà á sókè, ibi tẹ́ ẹ bá ti kọsẹ̀, ẹ má bá a tún un ṣe, ẹ ṣáà bi í pé kí ló fẹ́ sọ níbí.