LED kì í gbóná, àbí?

Oṣù kejì ọdún ni, ìgbà tí òtútù Manchester máa ń wọ egungun. Mo ti gbin ata rodo sínú ike yúgọ́ọ̀tì mẹ́rìnlá, mo tò wọ́n sórí pẹpẹ ìwé nínú yàrá kékeré, mo so iná ọ̀gbìn LED méjì, iná ìgbàlódé tó ń mú ewéko dàgbà nínú ilé, kọ́ sókè wọn, mo sì gbé híítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí òtútù má baà pa wọ́n. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Yálà mo wà nílé tàbí mo wà níbi iṣẹ́, wọ́n ń tàn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo wọlé, òórùn ẹja ló kí mi káàbọ̀. Mo rò pé ìyàwó mi ń din ẹja. Òun náà rò pé èmi ni mo gbàgbé pańla síbì kan. A wá inú ilé ìdáná títí, a ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo dé yàrá ata ni mo rí púlọ́ọ̀gì ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n náà níbi tó ti wọ ara ògiri: funfun ni mo rà á, àwọ̀ kọfí ló ti dà, ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo gbọ́wọ́ lé iná LED fúnra rẹ̀. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti òórùn yẹn, torí òun ló gbà wá. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, bó bá gbóná jù, òórùn rẹ̀ máa ń dà bíi ti ẹja. Àwọn mìíràn ní ìtọ̀ ló jọ. Bí òórùn ẹja bá gba ilé yín kan, tí kò sì sẹ́ni tó se ẹja, ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham ní London, àwọn tó kọ́ mi ní ọ̀gbìn inú ilé. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni, “Ṣebí LED ni? LED kì í gbóná! Èmi máa ń tan tèmi sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo tiẹ̀ tàn án sílẹ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́dún Kérésì.” Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ló gba èyí gbọ́.

Ìgbàgbọ́ náà kò ṣàdédé já bọ́ látojú ọ̀run. Kí LED tó dé, gílóòbù sódíọ̀mù oníwáàtì 600 tàbí 1000 ni àwọn tó ń gbin nǹkan nínú ilé ń lò. Gílóòbù wọ̀nyẹn gbóná débi pé bí kọ́tìnì bá já lé wọn, ó lè gbiná. Bí omi tútù bá ta sí wọn, wọ́n lè fọ́. Ẹni tó bá ti bá irú iná bẹ́ẹ̀ gbé rí, tó wá rí LED, yóò rò pé ẹni mímọ́ ló wọlé. Gílóòbù inú ilé àtijọ́ ńkọ́? Nínú ìdá 100 iná mànàmáná tó bá jẹ, bí ìdá 5 péré ló ń di ìmọ́lẹ̀. LED tó dára lè sọ bí ìdajì di ìmọ́lẹ̀. Ìlọsíwájú gidi ni.

Ìdajì yòókù wá ńkọ́? Ooru náà ni. LED oníwáàtì 200 ń tú nǹkan bíi wáàtì 100 ooru sílẹ̀, bí gílóòbù oníwáàtì 100 ti àtijọ́ ṣe ń tú u. Ara páànù alumíníọ̀mù gbọọrọ ni wọ́n tẹ́ ooru ti LED sí, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ kì í fi í mọ̀ ọ́n lára. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ, ẹ ó rí i.

Síbẹ̀, ara LED kọ́ ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ibi tí èèyàn ti kọsẹ̀ là ń wò, a kì í wo ibi tó ṣubú sí. Ibi tí iná mànàmáná ti ń kọsẹ̀ ni ojú ìsopọ̀: ibi tí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì ti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ibi tí ìdè kékeré ti di wáyà mú, inú táímà (ẹ̀rọ tó ń tan iná, tó sì ń pa á lásìkò), inú ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n. Ẹ wo ẹnu géètì ọjà lọ́jọ́ ọjà. Títì fẹ̀, inú ọjà fẹ̀, ẹnu géètì ló há, ibẹ̀ sì ni gbogbo èèyàn ti ń gún ara wọn nígbọ̀nwọ́. Bí irin méjì ò bá fọwọ́ kan ara wọn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń fún ara rẹ̀ kọjá, ìfúnra náà ló sì ń di ooru.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tèmi. Híítà jẹ́ wáàtì 2000, iná méjèèjì jẹ́ 300. Lórí iná fólítì 230 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ámpù 10 nìyẹn; ámpù ni a fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn kọjá ṣe pọ̀ tó. Bí ámpù 10 bá ń gba ojú ìsopọ̀ tó ti tú, tí ìdènà rẹ̀ (bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó, ohm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) kò ju ìdajì ohm lọ, wáàtì 50 ni ooru tó máa jókòó síbi tí kò tóbi ju èékánná lọ. Irin tí àwọn atún-rédíò fi ń yọ́ òjé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jẹ tó bẹ́ẹ̀. Irú irin yẹn ni mo kì bọ ara ògiri, tí mo sì lọ síbi iṣẹ́.

“Fíúùsì ńkọ́?” Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí nìyẹn, ó sì mọ́gbọ́n dání. Púlọ́ọ̀gì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ló ní fíúùsì nínú. Ṣùgbọ́n bí iná tó ń kọjá bá pọ̀ jù ni fíúùsì ń já. Ìsopọ̀ tó tú kò fi kún iná tó ń kọjá. Ó tiẹ̀ lè dín in kù díẹ̀. Lójú fíúùsì ámpù 13, ámpù 10 ni ó ń rí, àlàáfíà ni. Ẹ̀rọ ààbò inú àpótí iná ilé, èyí tó máa ń já bí iná bá gba ara èèyàn tàbí gba omi lọ sílẹ̀, òun náà ò ní rí nǹkan kan, torí iná kò ṣáko lọ síbì kankan. Ọ̀nà rẹ̀ ló ń gbà. Ọ̀nà náà ló ń jó.

Ẹlòmíràn á ní, “Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń tan tèmi, kò sí nǹkan kan.” Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ìsopọ̀ kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ooru ń sọ irin tó di púlọ́ọ̀gì mú di aláìlágbára. Bó ṣe ń tú ló ń gbóná sí i, bó ṣe ń gbóná ló ń tú sí i. Ọdún méjì tí ẹ fi ń yangàn yẹn, ọdún méjì tó fi ń tú ni.

Àkókò gan-an sì ṣe pàtàkì. Kẹ́tù oníná tí a fi ń se omi tíì lè gba wáàtì 3000, ìṣẹ́jú mẹ́ta ó ti parí, ojú ìsopọ̀ á tutù. Iná ọ̀gbìn ń lo wákàtí 14. Òfin iná mànàmáná Amẹ́ríkà tiẹ̀ ya ohun tó bá ń jẹ iná fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀: irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 80 nínú 100 agbára tí ìlà iná tó ń gbé e ní. Àwọn ará wa ní Houston tí iná yàrá wọn jẹ́ ámpù 15 lórí fólítì 120, wáàtì 1440 ló yẹ kí wọ́n ka sí òpin, kì í ṣe 1800.

Wáyà tí wọ́n ká mọ́ róbótó, ìyẹn tún burú. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: ọ̀pọ̀ ló gba wáàtì 3000 bí ẹ bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí kò sì gbà ju nǹkan bí 1000 lọ bó bá wà ní kíká. Táímà olówó pọ́ọ́kú náà: bí LED bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, ó máa ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà ju bó ṣe yẹ lọ, ìfà òjijì yẹn sì lè lẹ irin inú táímà pọ̀. Ẹ ó rò pé iná ti kú láago mẹ́wàá, yóò sì máa tàn mọ́jú. Àti fóìlì ìdáná tí àwa ará Áfíríkà fẹ́ràn láti fi yí pẹpẹ ká kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀! Irin ni fóìlì. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ wáyà.

Ṣé kí a máa pa gbogbo nǹkan kí a tó jáde ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́ lójú oorun wa, òun náà kì í sì í ṣe ẹni ìgbẹ́kẹ̀lé pátápátá: ara fíríìjì kan ní àjà kẹrin ni iná tó jó Grenfell Tower, ilé gogoro kan ní London, ti bẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, èèyàn 72 ló bá a lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ mọ ibi tí ẹ máa fojú sí.

Híítà ti kúrò lórí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n nílé wa. Ara ògiri ló ń wọ̀ tààrà, ó sì ń kú nígbà tí mo bá ń jáde. Mo pín wákàtí iná ata sí méjì, aago márùn-ún àárọ̀ sí mẹ́jọ, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí mọ́kànlá, ojú fèrèsé ń fún wọn ní ìyókù lọ́sàn-án. Ata ò bínú. Mo jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè padà, kí omi tí mo ń fọ́n sí ewé lè kán sílẹ̀ dípò kó ṣàn wọlé. Lẹ́yìn wákàtí kan tí iná bá ti tàn, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì. Bó bá lọ́ díẹ̀, kò burú. Bí ọwọ́ ò bá lè dúró níbẹ̀, pípa ni. Áláàmù èéfín wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dún bí mo bá fọ́n omi, mi ò yọ bátìrì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ wo tiwọn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n pè mí padà, ohùn wọn ti lọlẹ̀. Púlọ́ọ̀gì táímà wọn ti ń pọ́n létí. Wọ́n ní láti Kérésì ni àwọn ti ń gbọ́ òórùn ẹja, aládùúgbò ni àwọn ń dá lẹ́bi.