Omi oṣù Kẹsàn-án kọ́ ni ẹja máa bá dé oṣù Kẹta

Ẹ ó ti rí i rí. Oṣù Kẹsàn-án ni, òjò ti rọ̀ dáadáa, dáàmù kékeré tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bomi rin oko ti kún dé etí. Ọkọ̀ kan dé, wọ́n sọ àwọn ọ̀rá tó kún fún omi àti afẹ́fẹ́ kalẹ̀, àwọn ọmọ ẹja ń yí kiri nínú wọn. Ẹnì kan sọ̀rọ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n dà wọ́n sómi, ìlú pàtẹ́wọ́. Lójú gbogbo èèyàn, ọmọ ẹja 20,000 tó wọlé lónìí, ẹja ńlá 20,000 ló máa jáde. Bí ẹlẹ́yinjú àánú kan bá sì lè fi 20,000 mìíràn kún un, a jẹ́ pé ẹja di ìlọ́po méjì nìyẹn.

Ìgbàgbọ́ yìí ṣòro láti bá jà, torí ojú ara wa ló ń tàn wá. Omi tó wà níwájú wa lọ́jọ́ náà pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú omi tó máa ṣẹ́ kù nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ni ẹja ti máa parí ọdún, omi yẹn ló sì yẹ ká kọ́kọ́ kà kí a tó ka ọmọ ẹja.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní dáàmù kan fẹ̀ tó hẹ́kítà 10 nígbà tó kún, a sì da ọmọ ẹja 20,000 sí i. Ẹja 2,000 ló bọ́ sí hẹ́kítà kan, kò burú. Nígbà tó bá di oṣù Kọkànlá, àwọn tó ń gbin tòmátì, ata àti tẹ̀tẹ̀ á tan pọ́ǹpù. Oòrùn náà kò ní gbàgbé ìpín tirẹ̀. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, oòrùn àti ọyẹ́ lè fa omi tó ga tó mítà 2 kúrò lójú adágún láàárín ọdún kan, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá fi korobá bù ú. Ká sọ pé nígbà tí oṣù Kẹta fi dé, hẹ́kítà 2 ló kù. Bí ẹja kò bá kú, tí a kò sì tíì pa á, 10,000 ti wà lórí hẹ́kítà kan báyìí. Iye wọn kò yí padà, ilé ló fún mọ́ wọn.

Bí ilẹ̀ abẹ́ omi ṣe rí ni kì í jẹ́ ká tètè mọ̀. Ọ̀pọ̀ dáàmù kékeré kò rí bí àgbá, bí àwo pẹrẹsẹ ló rí. Ó jìn nídìí ògiri, àmọ́ lápá òkè, níbi tí odò ti ń wọlé, omi lè má ju orúnkún lọ. Ẹni tó dúró lórí ògiri á ní omi kàn fi mítà kan lọ sílẹ̀ ni. Kó rìn dé apá òkè, á bá àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí omi wà nígbà òjò. Ibẹ̀ gan-an sì ni ilé oúnjẹ ẹja, torí ibi tí omi kò jìn, tí oòrùn ń wọ̀ dé ìsàlẹ̀, ni oúnjẹ wọn ti ń hù. Ibẹ̀ náà ni akọ epìyà ń gbẹ́ ihò sí kí abo lè yé ẹyin. Abo á wá kó ẹyin sẹ́nu, á gbé e lọ. Ó ṣe é ní oore pé ilé ọmọ rẹ̀ ṣeé gbé rìn.

Àwọn àgbẹ̀ kan a máa sọ pé ẹja gan-an ló ń mu omi dáàmù gbẹ. Ẹ fi ẹja sílẹ̀ o. Ẹja inú omi tí kò níyọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi rárá. Iyọ̀ inú ara rẹ̀ ju ti omi tó yí i ká lọ, nítorí náà omi ń wọ̀ ọ́ lára fúnra rẹ̀, òun náà sì ń tọ̀ ọ́ padà sínú adágún tọ̀sán tòru.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹja bá léfòó ni ọ̀rọ̀ máa ń di ìjà. “Wọ́n ti da Gamalin sómi!” ni igbe àkọ́kọ́. Àwọn kan ti fi oògùn kòkòrò yẹn pa ẹja rí ní ilẹ̀ wa, nítorí náà ìfura náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó mú ẹnikẹ́ni, ẹ wo òkú ẹja náà dáadáa. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn tó bí omi tútù. Ní 20°C, lítà omi kan lè gba bíi mílígíráàmù 9. Ní 30°C, bíi 7.5 ni. Àwọn ewé tíntìntín tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé ń ṣe ọ́síjìn lọ́sàn-án, àmọ́ lóru, àwọn àti ẹja jọ ń lò ó ni. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń kéré jù lọ ní ìdájí. Dáàmù tó kún lè fara da irú òru bẹ́ẹ̀. Kòtò omi kan tí ẹja 20,000 há sí kò lè fara dà á.

Bó bá jẹ́ ọ́síjìn ló tán, àwọn ẹja ńlá ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Epìyà á ti máa yọ ẹnu sójú omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Àrọ̀ ní tirẹ̀ á máa wẹ̀ kiri bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, torí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè. Májèlé kì í yan ẹni tó máa pa: àtọmọ àtìyá, àrọ̀, títí kan kòkòrò inú omi, gbogbo wọn ló ń bá a lọ.

Ẹja tí kò kú náà lè má tóbi. Epìyà tó há mọ́lẹ̀ á kúrú, síbẹ̀ á máa bímọ. Ẹni tó ń da ọmọ epìyà lé epìyà lórí á kó àwọ̀n tó wúwo, tí gbogbo ẹja inú rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, àrọ̀ díẹ̀ tó ń jẹ ọmọ epìyà wúlò ju ọ̀rá ọmọ epìyà mìíràn lọ.

Gbígbẹ omi gan-an kọ́ ni mo ń bá jà. Ní Sri Lanka, ẹgbẹẹgbẹ̀rún adágún abúlé ló wà tí wọ́n gbẹ́ torí oko ìrẹsì, ọjọ́ orí òmíràn sì lé ní 2,000 ọdún. Òjò ìparí ọdún ló ń kún wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré sì ń gbẹ pátápátá kí òjò mìíràn tó dé. Nígbà tí wọ́n bá kún tán ni wọ́n ń da ọmọ ẹja sí i: epìyà, àti rohu àti catla tí wọ́n mú wá láti Íńdíà. Nígbà tó bá di bí oṣù Keje sí Kẹsàn-án, bí omi ti ń sá ni wọ́n ń kó wọn. Gbígbẹ yẹn ń ṣe wọ́n lóore. Àwọn ẹja ajẹja tí ì bá jẹ àwọn ọmọ ẹja ti bá ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Màlúù ń jẹko lórí ilẹ̀ adágún, ìgbẹ́ wọn sì di ajílẹ̀ fún omi tuntun. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi omi kíkún ka ẹja. Ìdajì fífẹ̀ adágún ni ìṣirò wọn ń lò. Dáàmù hẹ́kítà 10 wa yẹn, 5 ni lójú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù tí a lè ṣe níbí kò náni lówó púpọ̀. Ẹ ri ọ̀pá gígùn mọ́ ibi tó jìn jù, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i, kí ẹnì kan máa kọ ibi tí omi dé sílẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún kan, kó sì wo bí omi ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó ní ìwé yẹn lọ́wọ́ mọ iye ọmọ ẹja tó yẹ kó rà, ó sì mọ oṣù tí àwọ̀n gbọ́dọ̀ wọlé kí omi tó di ẹrẹ̀. Kó ra èyí tó gùn tó ìka ọwọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sí 10, torí àwọn tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, oúnjẹ àrọ̀ ni. Ó tún ní ọ̀rọ̀ tó máa bá àwọn alápọ́ǹpù sọ nínú oṣù Kẹwàá, kí inú ẹnikẹ́ni tó bàjẹ́: bí omi bá dé àmì báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ká kó ẹja wa.

Àwọn tó ń ya fọ́tò lóṣù Kẹsàn-án ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n padà wá lóṣù Kẹta, kí wọ́n dúró síbi kan náà, kí wọ́n ya òmíràn.